Iṣẹ́ Agbára àti Iná Abẹ́ Eérú Tí Ń Jó Nínú Ara

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí a bí ire kì í wo bàbá tàbí ìyá rẹ̀ tí ó ti darúgbó níran kí ó máa gbé ẹrù. Bí ìyá àgbà bá na ọwọ́ sí garawa omi, àwọn ọmọ-ọmọ a sáré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí bàbá bá gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, àwọn ọmọ a ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó, ẹ sinmi. Ẹ ti ṣe iṣẹ́ tiyín." Ìwà ọmọlúwàbí ni èyí, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, bàbá tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí oko kò lè dìde lórí ìjókòó mọ́ bí ẹnìkan kò bá fà á lọ́wọ́. Àwọn ará ilé a ní ogbó ni ó dé. Òtítọ́ ni pé ogbó dé, ṣùgbọ́n ogbó nìkan kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ìsinmi àsinmijù lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn oníṣègùn ti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Wọ́n rí i pé iṣan ara tí kò bá rí ẹrù gbé yóò máa joro, àti pé bí iṣan ti ń joro, bẹ́ẹ̀ ni irú ìgbóná kan tí ojú kò lè rí a máa pọ̀ sí i nínú ara. Wọ́n tún rí i pé iṣan tí ó ti joro lè padà bọ̀ sípò dé ìwọ̀n kan, àní nínú ara ẹni tí ó ti tó 90 ọdún. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí fún ọmọdé, fún àgbàlagbà àti fún arúgbó ni a ṣe àlàyé rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yìí.

ÌGBÓNÁ TÍ Ó Ń ṢE ARA LÁǸFÀÀNÍ

Bí ẹ̀gún bá gún àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀, kì í pẹ́ tí ojú ibẹ̀ fi ń pọ́n, tí ó ń gbóná, tí ó ń wú, tí ó sì ń ro ó. Àmì mẹ́rin yìí ni ọ̀mọ̀wé ará Róòmù kan tí ń jẹ́ Celsus ti kọ sínú ìwé ìṣègùn rẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibi pátápátá ni ìgbóná òun ìwú yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìgbàlà ni. Ara ni ó fẹ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sí i kí àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé ojú ọgbẹ́, kí wọ́n pa kòkòrò àrùn, kí wọ́n kó ìdọ̀tí kúrò, kí àtúnṣe sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ara a pe àwọn ọmọ-ogun náà padà, ojú ọgbẹ́ a sì tutù.

Ẹ̀dọ̀ náà ní ipa tirẹ̀. Ní ọdún 1930, àwọn oníṣègùn méjì ní ìlú New York, William Tillett àti Thomas Francis, ṣe àwárí èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń bá jà. Nígbà tí ara àwọn aláìsàn náà bá yá, èròjà yìí a pòórá. Òun ni a ń pè ní CRP lónìí. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é jáde nígbà tí ìgbóná òun ìwú bá wà níbìkan nínú ara. Nítorí náà, bí dókítà bá fẹ́ mọ bí iná ti pọ̀ tó nínú ara, a fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, a sì wọn CRP inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ti í na ọwọ́ sókè eérú láti mọ̀ bóyá iná ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

INÁ ABẸ́ EÉRÚ

Ìgbóná òun ìwú ti ojú ọgbẹ́ a máa dé, a sì máa lọ. Ṣùgbọ́n irú kejì wà tí kì í lọ. Kò pọ́n, kò wú síta, kì í sì í ro ni. Kì í ṣe ibà, nítorí pé ọwọ́ tí a fi kan iwájú orí kò lè mọ̀ ọ́n. Ó kàn ń jó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí iná tí a fi eérú bò, láti oṣù dé oṣù, láti ọdún dé ọdún. Ní ọdún 2000, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì kan, Claudio Franceschi, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ fún iná yìí ní orúkọ tirẹ̀ nítorí pé wọ́n rí i pé ó ń bá ogbó rìn. Bí ọjọ́ orí ènìyàn bá ti ń ga, bẹ́ẹ̀ ni iná náà sábà máa ń ga.

Ohun tí ó ń fi igi sí iná yìí kò mọ níwọ̀n kan. Ọ̀rá tí ó kó jọ sínú ikùn wà nínú wọn, nítorí pé ọ̀rá inú ikùn kì í dákẹ́, a máa tú àwọn èròjà tí ń dá ìgbóná sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Sìgá mímu wà nínú wọn, àti àrùn èrìgì, àti ìjókòó gẹlẹtẹ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Iná náà kì í pani lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ọ̀rẹ́ àwọn àrùn ńlá bí àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn, àti àrùn rọpá-rọsẹ̀. Ó tún ń jẹ iṣan. Níbi tí iná yìí bá pọ̀ sí, ara kì í lè sọ oúnjẹ di iṣan bí ó ti yẹ. Bí iṣan bá sì dínkù, ènìyàn a máa jókòó sí i, ọ̀rá a máa pọ̀ sí i, iná náà a sì tún máa rí igi jó. Báyìí ni ọ̀kan ti ń bí èkejì.

BÍ IṢAN ṢE Ń BÓMI PA INÁ

Ní ìgbà kan, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé okùn lásán ni iṣan jẹ́, tí eegun fi ń rìn. Lónìí, wọ́n mọ̀ pé iṣan tí ń ṣiṣẹ́ a máa ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà ara yòókù. Ní ìlú Copenhagen, ní orílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì, obìnrin oníṣègùn kan, Bente Klarlund Pedersen, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ ṣe ìwádìí àwọn ìránṣẹ́ yìí, wọ́n sì fún wọn ní orúkọ wọn ní ọdún 2003.

Ohun ìyanu ni ọ̀kan nínú wọn, tí a ń pè ní IL-6. Èròjà yìí kan náà ni a máa ń bá nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí iná abẹ́ eérú ń jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣan tí ń ṣiṣẹ́ bá rán an jáde, a yára gòkè, a sì yára sọ̀kalẹ̀, bí ó sì ti ń kọjá lọ, a máa pe àwọn èròjà mìíràn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú ìgbóná rọlẹ̀. A lè fi iná ìdáná ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Iná tí a dá láàárín ààrò, tí a sì pa nígbà tí ọbẹ̀ jinná, oúnjẹ ni ó ń fún ni. Iná tí ó ń rìn lábẹ́ koríko òrùlé lọ́sàn-án lóru, ilé ni ó ń jẹ.

Àgbẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ilé ẹ̀kọ́ gíga ṣe ẹlẹ́rìí fún òun nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó ti sinmi ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó wá gbé ọkọ́ láti kọ ebè nígbà àkọ́rọ̀ òjò, mọ̀ pé ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ni ara máa ń ro òun jù. Iṣan tí ó gba iṣẹ́ tí kò mọ̀ mọ́ ní ìpalára kékeré, ara sì fi ìgbóná òun ìwú tún un ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iye ebè kan náà kò ro ó mọ́. Iṣan ti le, ara sì ti kọ́ bí a ti í dá iná kékeré, kí a sì pa á. Ohun tí a ń pè ní ìdárayá agbára kò ju èyí lọ: kí a fún iṣan ní ẹrù tí ó wúwo díẹ̀ ju èyí tí ó mọ̀ lọ, kí a jẹ́ kí ó sinmi, kí a sì tún padà sí i.

ÌGBÀ ÈWE ÀTI ÌGBÀ Ọ̀DỌ́

Nínú ara ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, tí kò sì sanra jù, iná abẹ́ eérú kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ agbára kì í fi í dín CRP ọ̀dọ́ kù púpọ̀, nítorí pé ohun tí kò sí, a kì í dín in kù. Èrè ọ̀dọ́ wà ní ibòmíràn. Ìgbà yìí ni a ń kó iṣan àti eegun jọ bí àgbẹ̀ ti ń kó iṣu sínú abà. Iṣu tí ó wọ abà nígbà ìkórè ni a ó máa jẹ nígbà tí oko bá gbẹ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ti ọdún 2020 pé ó yẹ kí ọmọ láti ọdún 5 dé 17 máa lo ara fún nǹkan bí 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí èyí tí ń mú iṣan àti eegun le sì wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Ìjàkadì, igi gígùn, okùn fífò àti eré sísá ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kò sí òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn kan máa ń sọ pé ìdárayá agbára tí a bá fi òye ṣe ń mú ọmọ kúrú. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó ju agbára lọ, tí a ń dì lé ọmọ lórí lójoojúmọ́, kì í ṣe ìdárayá. Ọrùn àti ẹ̀yìn ni ó ń bàjẹ́.

ÌGBÀ ÀGBÀLAGBÀ

Láti nǹkan bí 30 ọdún ni iṣan ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù ní ìwọ̀n ìdá 3 sí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn 60 ọdún. Kò sí ẹni tí ó ń mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bí iṣan ti ń lọ ni ọ̀rá ń rọ́pò rẹ̀, aṣọ kò sì tíì tú. Awakọ̀ tí ń jókòó sídìí ọkọ̀ láti àárọ̀, aránṣọ tí ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, akọ̀wé inú ọ́fíìsì, àti oníṣòwò tí kì í kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Ikùn tí àwọn ará ìlú ń pè ní ikùn owó, igi ìdáná ni ó kún inú rẹ̀.

Ní ìgbà yìí ni iṣẹ́ agbára bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, CRP àwọn tí ó sanra, tí wọ́n sì ń ṣe ìdárayá agbára déédéé fún oṣù mélòó kan, ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ti ga tẹ́lẹ̀ ni ó sì sábà máa ń rí èrè jù. Bí ọ̀rá inú ikùn bá dínkù pẹ̀lú rẹ̀, èrè náà a máa pọ̀ sí i. Fún gbogbo àgbàlagbà, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dá fún iṣẹ́ tí ń mú iṣan le, yàtọ̀ sí ìrìn rírìn.

Àgbẹ̀ lè wí pé òun kò nílò rẹ̀ nítorí pé òun ń roko. Òtítọ́ ni pé ọkọ́ àti odó jẹ́ olùkọ́ rere fún iṣan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣekúdórógbó láìsí ìsinmi kò rí bákan náà pẹ̀lú ìdárayá. Àgbẹ̀ àti alágbàṣe nílò ọjọ́ ìsinmi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ti nílò ẹrù.

ÌGBÀ OGBÓ

Ní ọdún 1990, dókítà obìnrin kan, Maria Fiatarone, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ṣe ohun kan tí ẹ̀rù ti ń ba àwọn oníṣègùn láti ṣe. Wọ́n mú àwọn arúgbó mẹ́wàá ní ilé ìtọ́jú kan, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 90 ọdún, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ohun wíwúwo ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kì í ṣe ohun fúyẹ́ ni wọ́n fún wọn. Ìwọ̀n tí ó súnmọ́ òpin agbára olúkúlùkù ni, lábẹ́ ìṣọ́ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà. Mẹ́sàn-án nínú wọn ṣe é títí dé òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lè gbé kíló 10 tẹ́lẹ̀ yóò lè gbé nǹkan bí kíló 27. Iṣan itan wọn tóbi sí i ní ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Méjì nínú wọn ju ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dáwọ́ ìdárayá náà dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, wọ́n pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta agbára wọn. Ọkọ́ tí a pọ́n, tí a sì tún gbé jù sẹ́yìn ilé, yóò tún dógùn-ún.

Àwọn ará Boston kan náà tún ṣe ìwádìí tí ó tóbi ju èyí lọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1994. Ọgọ́rùn-ún arúgbó ni wọ́n lò, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 87 ọdún. Àwọn kan ṣe ìdárayá agbára fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, àwọn kan mu ohun mímu aṣaralóore, àwọn kan ṣe méjèèjì, àwọn kan kò sì ṣe ọ̀kankan. Agbára àwọn tí ó ṣe ìdárayá ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ń yára rìn ju ti tẹ́lẹ̀. Ohun mímu náà láìsí ìdárayá kò mú àìlágbára wọn dínkù. Kí àwọn tí ń fi owó wọn ra oògùn amáralágbára inú ìgò lọ́jà fún ìyá àti bàbá wọn fi èyí sọ́kàn.

Ti iná abẹ́ eérú ńkọ́? Ní ọdún 2001, àwọn oníwádìí ní Washington University, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, tẹ èsì tiwọn jáde. Wọ́n bu iṣan díẹ̀ láti itan àwọn arúgbó aláìlágbára tí ó ti tó 81 ọdún, wọ́n sì rí i pé TNF, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ń dá ìgbóná sílẹ̀, pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ó ti wà nínú iṣan ọ̀dọ́ lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí àwọn arúgbó náà ti ṣe ìdárayá agbára, èròjà náà dínkù nínú iṣan wọn. Àwọn ìwádìí mìíràn tí ó wọn ẹ̀jẹ̀ arúgbó fi hàn pé CRP sábà máa ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Èsì wọn lórí àwọn èròjà yòókù kò dọ́gba. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ìdárayá ní oògùn gbogbo àìsàn. Ṣùgbọ́n lórí agbára ẹsẹ̀ àti dídìde lórí ìjókòó, kò sí iyèméjì. Arúgbó tí ó lè dìde fúnra rẹ̀ kì í tètè ṣubú, ẹni tí kò sì ṣubú, eegun itan rẹ̀ kò ní kán.

BÍ A ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀ NÍ ABÚLÉ

Kò di dandan kí a ra ẹ̀rọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

1. Dídìde àti jíjókòó: Kí arúgbó jókòó sórí àga tí kò ní yẹ̀, kí ó dìde, kí ó tún jókòó pẹ̀lẹ́, ní ìgbà 8 sí 10. Bí kò bá lè ṣe é láìlo ọwọ́, kí ó fi ọwọ́ ti àga.

2. Títi ògiri: Kí ó dúró níwájú ògiri, kí ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, kí ó tẹ ìgúnwọ́ títí àyà yóò fi súnmọ́ ògiri, kí ó sì ti ara rẹ̀ padà.

3. Gbígbé ẹsẹ̀: Kí a di iyanrìn díẹ̀ sínú àpò aṣọ, kí a so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ní orí ìjókòó, kí ó na ẹsẹ̀ náà gbọọrọ, kí ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí ó bá rọrùn, kí a bu iyanrìn kún un.

4. Dídúró lórí ìka ẹsẹ̀: Kí ó di ògiri mú, kí ó gbé gìgísẹ̀ sókè, kí ó sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó, kí ọjọ́ ìsinmi kan sì wà láàárín, nítorí pé iṣan arúgbó kì í tètè bọ̀ sípò bí ti ọ̀dọ́. Kí ó máa mí síta nígbà tí ó bá ń gbé nǹkan, kí ó má ṣe sé èémí. Kí ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin tàbí ẹja wà nínú oúnjẹ rẹ̀, nítorí pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni ara fi ń mọ iṣan.

ÌKÌLỌ̀

Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, àtọ̀gbẹ tàbí ìpá, àti ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní ibùdó ìlera kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde; àṣejù àti òùngbẹ léwu púpọ̀ fún un. Kí ẹni tí ibà ń ṣe sinmi. Bí orúnkún bá pọ́n, tí ó gbóná, tí ó sì wú, kí a má ṣe gbé ẹrù lé e, kí a gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Bí àyà bá ń dun ni, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ ni lẹ́nu ìdárayá, kí a dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ara bá sì ro ni ní àrokú lẹ́yìn iṣẹ́ líle, tí ìtọ̀ wá dúdú, ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ, nítorí pé ìdọ̀tí iṣan tí ó bàjẹ́ lè ba kíndìnrín jẹ́.

ỌLÁ TÍ Ó YẸ ÀGBÀ

Kò sí ẹni tí ó ń wí pé kí àwọn ọmọ jókòó kí ìyá wọn máa pọnmi. Ẹrù ńlá jẹ́ ti ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹrù kékeré jẹ́ ẹ̀tọ́ àgbà pẹ̀lú. Bí ìyá àgbà bá na ọwọ́ sí kèrègbè kékeré, kí a jẹ́ kí ó gbé e, kí ọmọ-ọmọ sì máa bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí bàbá bá fẹ́ dìde, kí a ní sùúrù fún un kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dìde, kí ọwọ́ wa wà nítòsí bí ó bá ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ọmọ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò rí àgbà fín. Ó ń fi agbára sílẹ̀ fún un, kí ó lè máa rìn dé ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i.